Ìwé Ìrìnnà fún Aṣọ: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ẹgbẹ́ Ahunṣọ, Aláró àti Aránṣọ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ní oṣù mẹ́ta yìí jẹ mọ́ aṣọ. Àwọn ẹgbẹ́ ahunṣọ, aláró àti aránṣọ ni a kọ́kọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ oníṣòwò má ṣe sọ pé kò kan àwọn, nítorí pé ohun tí ó dé bá aṣọ lónìí lè dé bá ọjà mìíràn lọ́la. A bẹ àwọn akọ̀wé kí wọ́n ka ẹ̀kọ́ yìí sókè ní ìpàdé, kí a sì jíròrò lórí àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìparí rẹ̀.

1. OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ kan tí ó wà lábẹ́ àbẹ̀wò wa gba iṣẹ́ ńlá. Oníṣòwò kan, obìnrin ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ 40 ìdì aṣọ òfì tí yóò fi rán àpò àti bàtà. Ohun kan ni ó tẹnu mọ́: òwú gidi ni kí wọ́n fi hun ún, kí wọ́n má ṣe fi òwú oníke kún un. Ẹgbẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín iṣẹ́ náà láàárín ọmọ ẹgbẹ́ 11. Oníkálukú hun tirẹ̀, akọ̀wé kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n dì í, ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Kò pé oṣù méjì tí ìròyìn fi dé. Oníbàárà náà mú 10 nínú ìdì náà, ó fa fọ́nrán díẹ̀ yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi iná sí i. Òwú gidi a máa jó bí ìwé, eérú rẹ̀ a sì fẹ́lẹ́. Òwú oníke a máa yọ́, a sì ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí ó le. Nínú 10 náà, 3 yọ́. Obìnrin náà kọ̀wé béèrè pé ta ni ó hun mẹ́ta náà, kí òun lè mọ àwọn yòókù tí ẹni náà hun. Ẹgbẹ́ kò lè dá a lóhùn. Kò sí nọ́ńbà lára ìdì kankan. Ohun tí ìwé ọjà ẹgbẹ́ sọ kò ju "òwú, àpò 14" lọ. Kò sọ ẹni tí ó tà á, kò sọ ọjọ́ tí wọ́n rà á, kò sì sọ ẹni tí ó gbà á lọ hun. Bí obìnrin náà ṣe dá gbogbo 40 padà nìyẹn, ó ní òun kò mọ èyí tí òun yóò gbàgbọ́ mọ́.

Àwọn àgbà ní bí ìka kan bá tọ́ epo, yóò ran àwọn yòókù. Bàbá àgbàlagbà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí ó ti wà nídìí òfì láti kékeré. Bàbá yìí fi owó ara rẹ̀ ra òwú gidi, ó sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Ó mú un wá fún wa, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ wò ó, òtítọ́ ni mo ṣe. Èwo wá ni tèmi nínú ogójì yìí?" A wo ogójì ìdì náà tí wọ́n tò sílẹ̀, a kò rí èsì fún un. Owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú ọjà náà.

Kí a má purọ́, ẹ̀bi yìí kan àwa náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjà náà tó lọ ni a ṣe àbẹ̀wò sí ẹgbẹ́ náà. A yẹ ìwé owó wò, ó pé. A yẹ ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wò, ó pé. A sì fọwọ́ sí i pé ìwé ẹgbẹ́ wà létòlétò. Ojú ewé kan péré ni a ṣí nínú ìwé ọjà. Owó ni a ń ṣọ́, a kò ṣọ́ ohun tí ó ń mú owó wá. Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí bí irú rẹ̀ kò ṣe ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ìwádìí yẹn ni ó sì mú wa dé ìdí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí.

2. KÍ NI ÌWÉ ÌRÌNNÀ ỌJÀ?

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí òkè òkun gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà, èyí tí a ń pè ní páásípọ́ọ̀tù. Ìwé náà ni yóò sọ ẹni tí ó jẹ́, ibi tí a bí i sí àti ìjọba tí ó dúró fún un. Àwọn orílẹ̀-èdè 27 tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ṣe òfin pé ọ̀pọ̀ ọjà tí wọn yóò máa tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìwé yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ ṣí. Inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà. Ohun tí yóò wà lára ọjà, tàbí lára páálí rẹ̀, tàbí lára ìwé tí ó tẹ̀ lé e, ni àmì kan. Ọ̀kan nínú irú àmì bẹ́ẹ̀ ni àmì onígun mẹ́rin tí ó kún fún tóótòòtó dúdú àti funfun, tí a ń pè ní QR. Ẹ ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń fi fóònù sanwó. Bí ènìyàn bá na fóònù rẹ̀ sí àmì náà, ọ̀rọ̀ nípa ọjà náà yóò jáde lójú fóònù.

Irú ọ̀rọ̀ wo ni? Nọ́ńbà ọjà náà, èyí tí kò gbọ́dọ̀ bá ti ọjà mìíràn dọ́gba. Ẹni tí ó ṣe é tàbí tí ó kó o wọ ìlú. Ohun tí a fi ṣe é. Oògùn tí ó lè ṣe ènìyàn tàbí ilẹ̀ ní jàǹbá bí ó bá wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ tàbí tún un ṣe. Àti ohun tí a lè fi ṣe nígbà tí ó bá gbó. Òfin tí ó bá jẹ mọ́ irú ọjà kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ èyí tí ó pọn dandan nínú wọn. Òun náà ni yóò sọ bóyá ẹyọ ọjà kọ̀ọ̀kan ni yóò ní ìwé tirẹ̀, tàbí àwọn tí a ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò ní ìwé kan. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò rí gbogbo ọ̀rọ̀. Ohun tí oníbàárà yóò rí lè yàtọ̀ sí ti alátùn-ún-ṣe, ti alátùn-ún-ṣe sì lè yàtọ̀ sí ti aṣọ́bodè.

3. KÒKÓ TI KỌ́ WA RÍ

Kí ọ̀rọ̀ yìí má ṣe dà bí ohun àjèjì létí yín. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa rántí ìnsìpẹ́kítọ̀ kòkó. Yóò bu kòkó nínú àpò, yóò fi ọ̀bẹ la á, yóò wò ó bóyá ó bu tàbí ó gbẹ dáradára. Lẹ́yìn èyí ni yóò sọ pé ìpele kìn-ín-ní ni tàbí ìpele kejì, wọn yóò rán ẹnu àpò, wọn yóò fi òjé dì í, wọn yóò sì tẹ àmì sí i lára. Òyìnbó tí ó ra kòkó náà ní òkè òkun kò mọ oko, kò mọ àgbẹ̀, kò sì rí ìnsìpẹ́kítọ̀ rí. Àmì ara àpò ni ó gbàgbọ́, nítorí pé ó mọ̀ pé ẹnì kan tí a lè pè wá jẹ́jọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Orí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ni a kọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lé ní ilẹ̀ wa. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ti ń kó ara wọn jọ láti sá kòkó wọn dáradára kí wọ́n lè tà á ní owó tí ó sàn, kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó jáde ní ọdún 1935. Nígbà tí ìjọba sì fòpin sí ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ní ọdún 1986, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó rí bí nǹkan ṣe rí: àwọn oníṣòwò ń ra gbígbẹ, wọ́n ń ra tútù. Ẹni tí ó sá kòkó fún ọjọ́ pípé àti ẹni tí kò sá a, iye kan náà ni wọ́n ń gbà. Níbi tí àmì kò bá ti ní ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, olóòótọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdánù.

4. ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń BÉÈRÈ ÌTÀN AṢỌ

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí ń jẹ́ Rana Plaza wó ní Savar, nítòsí Dhaka, olú ìlú Bangladẹ́ṣì. Àwọn ilé-iṣẹ́ aránṣọ mélòó kan wà nínú rẹ̀. Ògiri ti sán ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, síbẹ̀ wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ padà wọlé. Ènìyàn 1,134 ni ó kú, àwọn tí ó sì fara pa lé ní 2,000. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin.

Nígbà tí ayé béèrè pé aṣọ ta ni wọ́n ń rán níbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹnì kan, ẹni náà sì ti gbé e fún ẹlòmíràn. Inú àlàpà ni àwọn ènìyàn ti ń ṣa lébẹ́ẹ̀lì aṣọ àti ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ ẹni tí ó ni ọjà. Ẹ wo bí ó ṣe burú tó: lẹ́yìn ikú ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìtàn aṣọ.

Láti ìgbà náà ni òfin ti ń tẹ̀ lé òfin. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2022 kò jẹ́ kí ọjà tí òwú rẹ̀ ti agbègbè Xinjiang ní Ṣáínà wá wọlé, àyàfi bí akójàwọlé bá lè fi hàn pé a kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ó tóbi jù lọ ní láti sọ fún oníbàárà orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti hun aṣọ, èyí tí wọ́n ti pa á láró, àti èyí tí wọ́n ti rán an. Ní ọdún 2024 àti 2025, òfin náà dé orí àwọn tí kò tóbi tó wọn.

5. ÒFIN YÚRÓÒPÙ ÀTI ÀKÓKÒ RẸ̀

Òfin tí ó gbé ìwé ìrìnnà ọjà kalẹ̀ ní Yúróòpù ni òfin 1781 ti ọdún 2024. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún náà. Ó dà bí ìpìlẹ̀ ilé: òfin kékeré fún irú ọjà kọ̀ọ̀kan ni a ó máa kọ́ lé e lórí. Nínú ètò iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, aṣọ wà lára àwọn tí ó ṣáájú, wọ́n sì fi ọdún 2027 sí ìgbà tí wọn yóò ṣe òfin tirẹ̀. Lẹ́yìn tí òfin ti aṣọ bá jáde tí ó sì múlẹ̀, òfin ìpìlẹ̀ ní kí oṣù 18 ó kéré tán kọjá kí a tó máa fi mú ènìyàn, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Bátìrì ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná yóò ṣáájú aṣọ: òfin tirẹ̀, ti ọdún 2023, fi ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027 sí i.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dẹ́rù bà yín. Ẹni tí ó ń ta aṣọ òfì ní ọjà Òjé ní Ìbàdàn, tàbí tí ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ọjà tí a ó tà ní Yúróòpù ni ó kàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan náà ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oníbàárà wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí òfin ìwé ìrìnnà kankan lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ó béèrè. Ohun tí oníbàárà bá ti mọ̀ láti béèrè, kò ní dúró de òfin mọ́.

Òfin kan wà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Láti ọdún 2011 ni òfin 1007 ti Yúróòpù ti wà, tí ó ní kí lébẹ́ẹ̀lì aṣọ sọ irú fọ́nrán tí ó wà nínú aṣọ àti iye rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà nínú òwú tí ó rà kò lè kọ lébẹ́ẹ̀lì yìí láìpurọ́.

6. IBI TÍ ÌTÀN ÒWÚ TI Ń SỌNÙ

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé òwú láti oko. A ó mú Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó wà lára àwọn tí ń gbin òwú jù lọ ní Áfíríkà, àti nítorí pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbẹ̀ òwú wà nínú ẹgbẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ abúlé ń parapọ̀ sókè títí a fi dé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Inú ẹgbẹ́ abúlé ni wọ́n ti ń wọn òwú àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Títí dé ibí yìí, ìtàn náà mọ́ kedere: a mọ oko, a mọ àgbẹ̀, a mọ ìwọ̀n.

Láti ibẹ̀, òwú náà lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ń yọ kóró òwú. Wọ́n dì í ní ìdì ńlá, wọ́n fi nọ́ńbà sí i. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bangladẹ́ṣì àti àwọn ilẹ̀ Éṣíà mìíràn. Nígbà tí ó bá dé ilé-iṣẹ́ ìrànwú, wọn a máa to ìdì tí ó wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sí ojú kan, wọn a sì pò wọ́n pọ̀ kí òwú tí ó bá jáde lè dọ́gba. Ibẹ̀ ni ìtàn ti ń sọnù. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá da gaàrí wọn sínú ọpọ́n kan ṣoṣo. Ta ni ó lè bu ìgò kan kí ó sọ pé tèmi nìyí?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yanjú èyí. Àwọn tí ń ṣètò àmì Cotton made in Africa, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ń lo méjèèjì. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ìyàsọ́tọ̀: wọn kò ní po òwú náà mọ́ òmíràn láti ìdì dé aṣọ. Ọ̀nà kejì ni ìṣirò: wọ́n lè pò ó, ṣùgbọ́n iye tí a bá tà lábẹ́ àmì náà kò gbọdọ̀ ju iye tí ó wọlé lọ. Ọ̀nà kìn-ín-ní lè sọ pé "òwú Áfíríkà ni ó wà nínú aṣọ yìí." Èkejì kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó lè sọ ni pé a ra iye òwú Áfíríkà tí ó bá a dọ́gba. Òtítọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni òtítọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì yẹ kí a fi ọ̀kan rọ́pò èkejì lára lébẹ́ẹ̀lì.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ń gbìyànjú láti dín ìrìn náà kù. Ní Glo-Djigbé, kò jìnnà sí Kútọnu, wọ́n ti dá ibùdó ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 2020, níbi tí wọ́n ti ń sọ òwú ilẹ̀ wọn di aṣọ. Bí ọ̀nà bá ṣe kúrú tó ni ó ṣe rọrùn tó láti tọ́jú ìtàn.

Ní tiwa, púpọ̀ nínú òwú tí a fi ń hun aṣọ òfì ti wọ ọwọ́ oníṣòwò púpọ̀ kí ó tó dé ọjà wa. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ tí a gbójú lé ní Nàìjíríà ti kógbá sílé. Èyí tí ó tóbi jù ní Kàdúná, United Nigerian Textiles, tìlẹ̀kùn ní ọdún 2007. Aláró náà ní ìṣòro tirẹ̀: aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí a ya àwòrán àdìrẹ sí, ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ tí a fi ọwọ́ ta ẹ̀kọ sí tí a sì rẹ sínú aró. Oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n kò lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀, owó tí ó kéré ni yóò sì tẹ̀ lé. Bí ìwé ìrìnnà bá lè ṣe aláró ní àǹfààní kan, yóò jẹ́ èyí: pé yóò lè sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, a ó sì gbà á gbọ́.

7. ÀMÌ KÒ LÈ SỌ JU OHUN TÍ A KỌ LỌ

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé gan-an la dé yìí. Ní ọdún 2020, àwọn tí ń ṣètò ọ̀kan nínú àmì tí ayé mọ̀ jù lọ fún òwú tí a gbìn láìlo ajílẹ̀ àti oògùn òyìnbó, tí a ń pè ní GOTS, kéde pé àwọn rí jìbìtì ní Íńdíà. Tọ́ọ̀nù 20,000 òwú ni wọ́n fi ayédèrú ìwé ẹ̀rí gbé kiri. Àmì QR wà lára ìwé náà. Ẹni tí ó bá na fóònù sí i yóò rí ojú ewé tí ó jọ ti àjọ ìjọba Íńdíà tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ náà. Àwọn oníjìbìtì ni wọ́n ṣe ojú ewé náà, wọ́n ṣe é kí ó jọ ti ìjọba gẹ́lẹ́.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Àmì náà ṣiṣẹ́. Fóònù kà á. Ojú ewé ṣí. Irọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ òwú oníke yàtọ̀ sí òwú gidi. Ohun tí akọ̀wé bá kọ ni yóò gbé jáde. Bí ẹgbẹ́ tí a sọ ìtàn rẹ̀ bá ti lẹ àmì QR mọ́ 40 ìdì náà ní ọjọ́ yẹn, ohun tí ìwé wọn sọ ni àmì náà ìbá sọ: "òwú, àpò 14." Bàbá wa kò bá sì tún wà níbi tí ó wà.

Nítorí náà, ìdí ìwé ìrìnnà kò sí ní Yúróòpù, kò sì sí nínú kọ̀ǹpútà. Inú ìwé ọjà ẹgbẹ́ ni ó wà, ní ọjọ́ tí òwú wọlé.

8. OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE LÁTI ÌSINSÌNYÍ

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe kò gba kọ̀ǹpútà. Ìwé ńlá onílà, bírò, àti ọkàn òtítọ́ tó.

(i) Ẹ kọ ohun tí ó wọlé. Bí òwú, aṣọ funfun tàbí aró bá dé, kí akọ̀wé kọ ọjọ́, iye, ẹni tí ó tà á, àti nọ́ńbà tí ó bá wà lára páálí tàbí agolo rẹ̀. Kí ó lẹ rìsíìtì mọ́ ọn. Kí ó gé lébẹ́ẹ̀lì ara páálí pamọ́ pẹ̀lú.

(ii) Ẹ dán an wò. Kí ènìyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ fa fọ́nrán yọ lára òwú tí ó wọlé, kí wọ́n fi iná sí i ní ìta gbangba, jìnnà sí òwú yòókù. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Iná yìí kò lè sọ iye tí ó wà nínú òwú àpòpọ̀, ṣùgbọ́n yóò fi ike hàn.

(iii) Ẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ọdún, àti iye ìgbà tí ó ti kó iṣẹ́ wá tó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kẹtàdínlógún bá mú ìdì karùn-ún rẹ̀ wá ní ọdún 2026, kí ẹ so páálí kékeré mọ́ ọn: 17/2026/5. Nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ kọ sínú ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú tí ó gbà.

(iv) Ẹ má ṣe da ọjà pọ̀. Òwú gidi ní àyè tirẹ̀, òwú àpòpọ̀ ní àyè tirẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú títa èyí tí ó ní ike nínú. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú pípè é ní ohun tí kì í ṣe.

(v) Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ kọ pé ẹ kò mọ̀. Oníṣòwò òwú lè má mọ orílẹ̀-èdè tí òwú rẹ̀ ti wá. Kí ẹ má ṣe méfò. "A kò mọ̀" tí a kọ sílẹ̀ níyì ju orúkọ ìlú tí a dá lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá bá irọ́ kan nínú ìwé kò ní gba èyí tí ó kù gbọ́.

(vi) Kí ìgbìmọ̀ alábòójútó yẹ ìwé ọjà wò lóṣooṣù. Kí wọ́n mú ìdì kan, kí wọ́n ka nọ́ńbà rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ìwé yóò mú wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó hun ún àti ṣọ́ọ̀bù tí òwú rẹ̀ ti wá. Bí ọ̀nà bá já níbì kan, ibẹ̀ ni kí wọ́n tún ṣe. Àwa alábẹ̀wò yóò máa ṣe bákan náà láti ìsinsìnyí lọ.

9. TA NI Ó NI ÌWÉ NÁÀ?

Nǹkan méjì ni ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkíní ni àwọn tí yóò wá bá yín pé àwọn ń ta ìwé ìrìnnà Yúróòpù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ sanwó fún ìwé tí òfin aṣọ tirẹ̀ kò tíì jáde, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì bi ọ́fíìsì wa léèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ akápò.

Èkejì ni ohun ìní yín. Bí oníbàárà ńlá bá ní òun yóò bá yín gbé ìwé ọjà yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí kò burú, ṣùgbọ́n kí ìwé àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Bí ìwé bá wà lọ́wọ́ oníbàárà nìkan, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà fún ẹlòmíràn, ẹ ó dà bí ẹni tí kò ní ìtàn. Ẹ má sì ṣe gbé àdúgbò, nọ́ńbà fóònù tàbí àwòrán ọmọ ẹgbẹ́ síta láìgba àṣẹ rẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ tó. Ẹgbẹ́ ni ó mọ ẹni tí ó ni nọ́ńbà.

A mọ̀ pé inawo wà nínú gbogbo èyí, àkókò akọ̀wé sì ni èyí tí ó tóbi jù. Ahunṣọ kan ṣoṣo kò lè dá a gbé. Àwọn baba wa ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Akọ̀wé kan lè kọ ìwé fún ogún ènìyàn, àpapọ̀ ẹgbẹ́ sì lè ra ẹ̀rọ kan fún ogún ẹgbẹ́ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó.

Ní ti ẹgbẹ́ tí a sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n ta aṣọ tí wọ́n dá padà náà ní ọjà ní owó tí ó dín púpọ̀. Ìpàdé gbogbogbòò fi owó ìpamọ́ ran àwọn tí ó ní rìsíìtì lọ́wọ́ díẹ̀, kò sì tó. Nígbà tí a tún lọ ṣe àbẹ̀wò, páálí kékeré ti wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan. Bàbá wa mú tirẹ̀ wá, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè fún wa, ó sì ní kí a ṣí ìwé. A ṣí i, a bá a níbẹ̀.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Bí oníbàárà bá mú aṣọ kan tí ẹgbẹ́ wa tà ní ọdún tí ó kọjá wá, ǹjẹ́ a lè sọ ẹni tí ó ṣe é? Kí akọ̀wé gbìyànjú rẹ̀ lójú gbogbo ilé.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òwú tí a yà sọ́tọ̀ àti òwú tí a fi ìṣirò kà? Èwo ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe?
3. Irú ìyà wo ni ó tọ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fi òwú mìíràn rọ́pò? Ṣé ó wà nínú òfin ẹgbẹ́ wa?
4. Kí ni àmì QR ìwé ẹ̀rí Íńdíà ọdún 2020 kọ́ wa?
5. Ta ni yóò máa kọ ìwé ọjà, èló ni a ó sì máa fún un?

Kí ẹgbẹ́ tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà sí ọjà rẹ̀ kọ̀wé sí wa, kí àwọn yòókù lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ó dìgbà kan ná. Kí ẹgbẹ́ wa máa gòkè sí i o.